Báwo ni Wi-Fi ilé ṣe lè máa kú fúnra ẹ̀ lóru?

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ráútà yé dáadáa. Ráútà onísíìmù là ń lò nílé wa, pálọ̀ ló wà, Àlhájì mi ló ń ra dátà sí i lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kí oṣù tó dé ìdajì dátà ti tán, nígbà tá a wá tọpinpin ẹ̀, òru ló ń lọ. Àwọn ìbejì mi wà ní SS2. Tí gbogbo ilé bá ti sùn tán wọ́n á faṣọ borí, iná fóònù á máa tàn lábẹ́ aṣọ, fíìmù lọ́tùn-ún TikTok lósì, tó bá di àárọ̀ ojú wọn á ti pọ́n, à ń jí wọn wọn ò jí. Àlhájì a máa yọ ráútà nínú iná kó tó lọ sùn, àmọ́ kò ní tíì sùn wọra táwọn yẹn á ti lọ kì í bọ̀ ọ́ padà.

Mo gbọ́ pé èèyàn lè sọ fún ráútà pé kó máa pa Wi-Fi ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ kó sì máa tàn án ní márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àkọ́bí mi wà ní UNIOSUN, òru ló ń kàwé, n ò fẹ́ dí i lọ́wọ́. Kámẹ́rà tó wà lẹ́nu géètì wa náà, Wi-Fi yìí ló ń lò. Aládùúgbò wa kan tún ní ohun tó ń jáde lára Wi-Fi máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ lójú oorun, ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ọmọ Alékúwodò

Ẹ káalẹ́ mà. Ó ṣeé ṣe, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí fóònù yín wà lórí Wi-Fi ilé, ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ 192.168.8.1 síbi tẹ́ ẹ máa ń tẹ orúkọ wẹ́ẹ̀bù sí, tí kò bá ṣí ẹ gbìyànjú 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1. Ẹ yí ìdí ráútà sókè, èyí tó jẹ́ tiyín wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ máa fi wọlé náà wà níbẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí o, torí ohun tẹ́ ẹ kà nídìí ráútà làwọn ìbejì náà máa kà. Ó yàtọ̀ sí pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi tí gbogbo ilé mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ wá Wi-Fi Schedule, òmíràn ń pè é ní Wireless Schedule, òmíràn Wi-Fi Timer, abẹ́ Advanced ló sábà máa ń wà. Àwọn ráútà kan ò ní in lójú ewé yẹn, inú áàpù iléeṣẹ́ tó ṣe ráútà lẹ ti máa rí i. Ẹ wò ó dáadáa bóyá àkókò tí Wi-Fi máa kú ló ń bi yín àbí àkókò tó máa fi wà ní títàn, torí àwọn kan yí i sódì. Tẹ́ ẹ bá sì kọ 22:30 sí 05:30, ráútà mìíràn ò ní gbà á torí ọjọ́ ti yí láàárín ẹ̀, ẹ pín in sí ìlà méjì, 22:30 sí 23:59, kẹ́ ẹ tún kọ 00:00 sí 05:30.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀, tá a bá wo bí iná ṣe ń ṣe nílùú Òṣogbo wa yìí, aago ni. Ọ̀pọ̀ ráútà ò ní bátìrì kékeré tó ń tọ́jú àkókò bíi ti kọ̀ǹpútà. Tí iná bá lọ tó sì dé, ráútà á ti gbàgbé aago, òmíràn á máa sọ pé ọdún 1970 la wà títí tó fi máa rí íntánẹ́ẹ̀tì béèrè àkókò lọ́wọ́ ẹ̀. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá falẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, agogo mẹ́wàá ààbọ̀ á kọjá Wi-Fi á ṣì máa tàn, tàbí kó kú mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan. Báwọn èèyàn bá ní ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní kò ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ System Time tàbí Time Settings sí, ẹ yan NTP, ìyẹn ni pé kó máa gba àkókò látorí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú GMT+1, torí ibẹ̀ ni Nàìjíríà wà. Tó bá wà lórí GMT lásán, agogo mọ́kànlá ààbọ̀ ni Wi-Fi yín máa tó kú. Tó bá ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ní mini UPS kékeré tó lè gbé ráútà nígbà tí iná bá lọ, wàhálà aago yẹn á dín kù gan-an.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tẹ Save, ẹ dán an wò lójú ọ̀sán, ẹ fi í sí àkókò tí kò jìnnà, kẹ́ ẹ dúró wò ó bóyá á kú. Ẹ mọ̀ pé tí Wi-Fi bá ti kú fóònù ò lè wọ inú ráútà mọ́, àfi bọ́tìnì Wi-Fi tó wà lára àwọn ráútà kan tàbí kẹ́ ẹ fa wáyà sí kọ̀ǹpútà. Ohun tó bá wà lórí wáyà á ṣì máa rí íntánẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Fíà

Ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tìtorí àwọn ìbejì pa á mọ́ ẹ̀gbọ́n wọn lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ lèmi náà, òru nìkan lọwọ́ wa ń dilẹ̀. Lọ́sàn-án gbogbo ìgboro ló wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fídíò lẹ́kíṣọ̀ kan ṣoṣo á máa yí bírí títí á fi sú èèyàn, tó bá di agogo kan òru ó ń lọ geere. Ẹ tún bi Àlhájì irú dátà tí wọ́n ń rà, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé apá kan nínú ẹ̀ dátà òru ni, kò ṣeé lò lójúmọmọ, tẹ́ ẹ bá wá pa Wi-Fi látìgbà tílẹ̀ bá ti ṣú títí di ìdájí, owó ìyẹn ń ṣòfò nìyẹn.

Guest Network ni mo máa ní kẹ́ ẹ lò. Orúkọ Wi-Fi kejì ni, láti ara ráútà kan náà, ẹ fún un ní pásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀ kẹ́ ẹ ní kí àwọn ìbejì máa lo ìyẹn, kẹ́ ẹ sì yí ti àtijọ́ tí wọ́n ti mọ̀. Àwọn ráútà kan á jẹ́ kẹ́ ẹ yan àkókò tí èyí nìkan máa kú, Wi-Fi àkọ́kọ́ á sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ fún kámẹ́rà àti ẹni tó ń kàwé. Tí tiyín ò bá nírú ẹ̀, Parental Control wà, ibẹ̀ lẹ ti lè mú fóònù kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ fún un ní àkókò. Àmọ́ MAC address, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí fóònù kọ̀ọ̀kan ní, ni ráútà fi ń dá fóònù mọ̀, láti Android 10 àti iOS 14 ti iPhone ni fóònù sì ti ń lo MAC àtọwọ́dá, ọmọ tó bá mojú ẹ̀ á kàn wọ sẹ́tíńgì Wi-Fi, á yí i, ráútà á rò pé àlejò tuntun ló dé. Ẹ gba fóònù wọn, ẹ mú un kó lo MAC ti fóònù gangan lórí Wi-Fi ilé, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sínú ráútà, kẹ́ ẹ sì máa yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tó ń lo WhatsApp lórí Android, nǹkan bí agogo méjì òru ló máa ń kó ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ Google, tó bá sì jẹ́ Wi-Fi nìkan lẹ ní kó lò, kò ní rí i kó tí Wi-Fi bá ti kú. Ẹ máa wọ Chat backup lọ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín.

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín ni mo fẹ́ dáhùn, torí àwọn ìyá máa ń bi wá bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìgbì tó ń jáde lára Wi-Fi ò rí bíi ti X-ray, kò ní agbára tó lè já ohun tó wà nínú ara èèyàn sí wẹ́wẹ́. Lóòótọ́, ní 2011, IARC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO fi ìgbì rédíò sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, ìyẹn làwọn èèyàn fi ń dẹ́rù ba ara wọn lórí WhatsApp. Ìsọ̀rí kan náà yẹn ni omi odidi ewé aloe vera wà. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò tó láti sọ pé ó ń fà á, ìyẹn ni 2B. Nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Àìsùn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà, AASM, gbé e jáde ní 2016 pé ọmọ ọdún 13 sí 18 yẹ kó máa sùn fún wákàtí 8 sí 10. Ọmọ tó bá sùn ní agogo méjì òru tí wọ́n jí i ní márùn-ún ààbọ̀ láti múra iléèwé, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ péré ló sùn yẹn, kí ni tíṣà fẹ́ rí kọ́ sí i lórí?

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé Wi-Fi lè kú kí fíìmù má kú. Èyí tí wọ́n ti dáńlóòdù sílẹ̀ lọ́sàn-án ńkọ́, síìmù tó wà nínú fóònù wọn ńkọ́? Nílé tiwa pálọ̀ ni gbogbo fóònù ń sùn, tàwọn ọmọ, tèmi, ti bàbá wọn, orí tábìlì kan náà la ti ń chájì wọn. Ká tó bẹ̀rẹ̀ a pè wọ́n jókòó, a sọ ìdí ẹ̀ fún wọn, àwọn náà sọ tẹnu wọn, àgbà inú wọn bẹ̀bẹ̀ fún alẹ́ Jímọ̀ àti Sátidé, a sì gbà fún un. Tẹ́ ẹ bá kàn pa á láìsọ̀rọ̀, gbogbo ọgbọ́n wọn ni wọ́n máa kó lé bí wọ́n ṣe máa yí i po.

Bàbá Oníwáyà, Old Garage

Sọ́kẹ́ẹ̀tì onítáímà náà wà o, èyí tí wọ́n ń kì sára ògiri kí wọ́n tó ki ráútà sínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ra oníyíyí, èyí tó ní eyín wẹ́wẹ́ yíká tí wọ́n ń tẹ̀ wálẹ̀, iná ló ń yí i, tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́ta á dúró sójú kan fún wákàtí mẹ́ta, tó bá dé á bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sán gangan ló máa máa pa ráútà. Onínọ́ńbà tó ní bátìrì tiẹ̀ nínú ni kẹ́ ẹ rà. Ẹni tó bá ń lo MiFi tó ní bátìrì, sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ò wúlò fún un, bátìrì á kàn máa gbé e lọ.

Pípa ráútà kì í bà á jẹ́, ìgbà tó bá ń gba software tuntun lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ má ṣe yọ ọ́ níná. Ẹni tó bá sì ń ṣe é torí owó iná, èrè ẹ̀ ò pọ̀, ráútà ilé ń jẹ nǹkan bíi wọ́ọ̀tì mẹ́wàá, tẹ́ ẹ bá pa á fún wákàtí méje lóru, nǹkan bíi yúnìtì méjì lẹ máa rí fi pamọ́ lóṣù. Ẹni tó bá ń fi ínfátà kékeré sùn ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Ti kámẹ́rà, tó bá ní mẹ́mórì káàdì nínú á ṣì máa ká fídíò bí Wi-Fi bá tiẹ̀ kú, ṣùgbọ́n kò ní lè ta yín lólobó lórí fóònù bí ẹnì kan bá dé géètì. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, tó bá ní ojú LAN, ẹ ní kí wọ́n fa wáyà sí i láti ara ráútà.

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀

Ọlọ́run á bùkún gbogbo yín. Èmi àti àkọ́bí mi la jọ jókòó ti ráútà lónìí, 192.168.8.1 ló ṣí. Bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí, orí GMT lásán ni aago ẹ̀ wà, a ti mú un lọ sí GMT+1, a ti yí pásíwọ́ọ̀dù méjèèjì. Guest Network wà níbẹ̀, ó sì ní àkókò tiẹ̀, ìyẹn làwọn ìbejì máa lò. Mo ti pè wọ́n sọ ọ́ fún wọn bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ, Táyé dijú mágbárí, Kẹ́hìndé ló ní kí n jẹ́ kí ti Jímọ̀ àti Sátidé di agogo méjìlá, mo gbà. Àlhájì wá ń bèèrè pé tó bá dìgbà ààwẹ̀ ńkọ́, torí wọ́n jọ máa ń gbọ́ wáàsí lórí YouTube lásìkò sàárì. Ṣé gbogbo ẹ̀ ni mo máa tún kọ ni?

Ọmọ Alékúwodò

Rárá mà. Ìlà kejì yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, ẹ yí 05:30 sí 04:00, tí ààwẹ̀ bá parí ẹ dá a padà. Ti Jímọ̀ àti Sátidé, ẹ yọ ọjọ́ méjèèjì kúrò nínú ìlà kìíní, ẹ fi ìlà kejì sílẹ̀ bó ṣe wà, torí tí aago bá ti lu méjìlá òru Jímọ̀, Sátidé ni ráútà ń kà á sí, ìlà kejì á pa á fúnra ẹ̀.