Kí Ló Wà Lórí Ṣénjà Yín Lọ́sẹ̀ Yìí?

Ṣénjà Ìrẹ̀mọ
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Haruna Ishola alápàlà ni mo gbé lé ṣénjà, ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù mi, lọ́sẹ̀ yìí, rẹ́kọ́ọ̀dù "Oroki Social Club" ti 1971. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ní àpá níbẹ̀rẹ̀ ojú kìíní, ó ń ta pó-pò-pó bí àgbàdo inú agbada, ṣùgbọ́n bí agídìgbo bá ti wọlé, ta ló tún rántí àpá? Mo fẹ́ gbọ́ tiyín. Ifẹ̀, Iléṣà, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, kí lẹ ń gbọ́, báwo ló sì ṣe dé ọwọ́ yín? Ẹ má dárúkọ rẹ́kọ́ọ̀dù lásán kẹ́ ẹ sá lọ o.

Ọmọ Ọbòkun
I.K. Dairo, onijùjú wa. Kí ni mo tún fẹ́ máa gbọ́?

Àpàlà Ò Kú
Ṣénjà, o ṣeun. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ní Oroki yẹn tà ju mílíọ̀nù 5 lọ?

Abẹ́rẹ́ Títun
Ta ló kà á?

Àpàlà Ò Kú
Ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ Títun
Mi ò ní kò tà. Ilé wo lẹ máa wọ̀ ní Òṣogbo nígbà náà tẹ́ ẹ ò ní bá a? Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù márùn-ún! Lọ́dún 1971, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ilé mélòó ló ní iná?

Àpàlà Ò Kú
Ta ní kẹ́ ẹ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù pẹ̀lú iná ìjọba? Ṣénjà elébátìrì wà nílẹ̀. Bàbá mi ní èyí tó ṣeé pa dé bí àpótí, tí wọ́n ń gbé lọ sóko kòkó. Bí bátìrì bá ti ń kú, Haruna á bẹ̀rẹ̀ sí í sun oorun nínú orin, wọ́n á yọ bátìrì náà, wọ́n á sá a sóòrùn, yóò tún jí díẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn àgbà.

Bàbá Lágere
Àwọn àgbà nìyí. Bátìrì tí wọ́n ń sá sóòrùn, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ifẹ̀, yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó láti Ìbàdàn bọ̀ ni, 1967. Mo gba yàrá kan lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ṣòwò kòkó. Bàbá yìí le, kò fẹ́ kí ayálégbé dáná pẹ́, kò fẹ́ àlejò, bí owó ilé bá fi ọjọ́ kan yẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní rédíógíráàmù kan ní pálọ̀, igi rẹ̀ ń dán, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, títí kan àwọn ìyàwó rẹ̀. Lálẹ́ Sátidé, á ṣí fèrèsé, á to rẹ́kọ́ọ̀dù sórí ọ̀pá àárín, bí ọ̀kan bá parí òmíràn á já bọ́ fúnra rẹ̀, a ó gbé àpótí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa gbọ́. Yusufu Ọlátúnjí ni, Bàbá Lẹ́gbà, kò sí ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá fẹ́ sákárà, kó wọlé lọ sùn. Èmi tí mo wá láti ìlú ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ jùjú, n kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Gòjé yẹn ń rò mí létí. Ó gba àkókò kó tó wọ̀ mí lára. Ìgbà tí Yusufu kú ní 1978, èmi gan-an ló sunkún jù nínú ilé. Òun ni mo ń gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Òun náà ni mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ Yunifásítì
Bàbá, ṣé yàrá yẹn ṣì wà? Mo ń wá ilé.

Bàbá Lágere
Wọ́n ti wó o. Wọ́n ń ta fóònù níbẹ̀ báyìí.

Ọmọ Ọbòkun
Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Dairo, nítorí mo rí i pé àpàlà àti sákárà ti fẹ́ gba ilé. Ọmọ wa ni, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni. Ó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, Morning Star ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́ kí wọ́n tó di Blue Spots. Ní 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ta ló tún gbé àkọ́díọ̀nù kọ́ àyà láàárín ìlù gángan tí ó sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn bẹ́ẹ̀? Mo ní "Salome" ní 45, rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré, páálí rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́ kedere.

Àpàlà Ò Kú
Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí.

Ọmọ Ọbòkun
Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀ dé Ọ̀fà! Ṣé ẹni tí wọ́n bí sí ọsibítù Ìbàdàn ti di ọmọ Ìbàdàn nìyẹn?

Àpàlà Ò Kú
Mo kàn sọ ọ́ ni. Ìjẹ̀ṣà ò ṣeé bá ṣeré.

Ṣénjà Ìrẹ̀mọ
Ẹ̀yin ẹ̀ ń bára yín jà, Dairo àti Haruna jọ dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀ ni, Star Records, 1969. Onijùjú àti alápàlà, wọ́n jọ ń pín èrè. Àwọn olórin ló ni ín, kì í ṣe òyìnbó.

Àpọ́nbéporẹ́
Láti àná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi ń gbọ́.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá wa, a ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà. A fa páànù bisikíìtì ńlá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, rẹ́kọ́ọ̀dù kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Dairo wà níbẹ̀, Délé Òjó wà níbẹ̀, Túndé Nightingale wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí kò ní páálí rárá, ẹgbẹ́ jùjú kan tó ń ṣeré káàkiri Iléṣà nígbà náà, mi ò tíì rí ẹni tó mọ̀ wọ́n títí di ìsinsìnyí. Àbúrò mi gbé e lé ṣénjà. Ojú kìíní, ìwúre ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. A yí i padà. Olórin bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn gbajúmọ̀. Ó ki oníṣòwò aṣọ, ó ki ẹni tó ń ra kòkó, ó wá kan bàbá wa! Orúkọ wọn gan-an, orúkọ bàbá tó bí wọn, àdúgbò wa. Gbogbo ilé pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti dìde, ó ti ń fọwọ́ gbá ìdí. Ni olórin bá ní "ọkọ" Lágbájá.

Lágbájá yẹn kì í ṣe màmá wa.

Màmá sì jókòó síbẹ̀ o. Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ bóun ṣe máa jókòó padà. Màmá ní, "Ẹ tún un gbé." Ta ló máa sọ pé rárá? A tún un gbé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní "Ó dáa," wọ́n dìde, wọ́n wọ kíṣìnnì lọ gún iyán. Láti ọjọ́ náà, wọn ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà lóru bí wọ́n bá ti sùn, bóyá mo máa gbọ́ orúkọ náà bí òmíràn.

Ọmọ Ọbòkun
Yéè! Ìjẹ̀ṣà tòótọ́ ni màmá. Iyán ni ìdáhùn.

Ìyá Ìbejì Sábó
Mo ti dá ọjà tí mo ń tà dúró. Ṣé màmá jẹ nínú iyán náà?

Àpọ́nbéporẹ́
Wọ́n jẹ. Wọ́n tún bù kún un.

Ìyá Ìbejì Sábó
A, wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ kò ní lè gbé ọmọ odó.

Abẹ́rẹ́ Títun
Ẹ má tíì ba orúkọ òkú jẹ́. Olórin lè ṣì í pè. Ẹni tó bá náwó lójú agbo ni wọ́n ń kì, wọ́n á tẹ̀ sétí ẹni tó jókòó tì í pé "kí lorúkọ ìyàwó wọn?" Ẹni tó dáhùn lè ti mu bíà débi kan.

Ìyá Ìbejì Sábó
Bíà ní sítúdíò? Rẹ́kọ́ọ̀dù ló ní, kò ní òde àríyá. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ máa ń ti ara yín lẹ́yìn.

Bàbá Lágere
Nígbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ki òun nínú rẹ́kọ́ọ̀dù á kọ orúkọ gbogbo sínú ìwé, á fi owó tì í, á fi ránṣẹ́ sí olórin. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ọmọ mi. Bàbá yín ló kọ ọ́.

Àpọ́nbéporẹ́
Bàbá, ẹ ṣeun o. Ẹ ti bá mi parí ẹ̀.

Ọmọ Yunifásítì
😂😂😂

Ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fa páànù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orí yín ló bá yín ṣe é. Ilé wa wà lára àwọn tó jóná nínú ìjà Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ìgbà tí a padà débẹ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi ti yọ́ mọ́ra wọn, ó di odidi kan, ẹ ò lè mọ èwo ni Obey onijùjú, èwo ni Àyìnlá Ọmọwúrà alápàlà. Mo ti ń rà wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí mo ti ń ríṣẹ́ ṣe. Mi ò ní ìwé tó kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní, ohun tí mo bá rántí ohùn rẹ̀ láti kékeré ni mo ń rà. Ti ọ̀sẹ̀ yìí, "Board Members" ti Ebenezer Obey ni.

Ṣénjà Ìrẹ̀mọ
Ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọwúrà èwo lẹ ń wá? Mo ní méjì-méjì nínú àwọn kan tó ṣe fún ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù EMI. Ẹ wá wò ó, mi ò ní gba owó.

Ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́
Mo máa pè yín lálẹ́. Ẹ ṣeun gan-an.

Àpàlà Ò Kú
Ṣénjà, èmi tí mo ti ń bẹ̀ ọ́ láti ọdún tó kọjá ńkọ́?

Ṣénjà Ìrẹ̀mọ
Ìwọ tí o yá Sunny Adé mi lọ síbi ìgbéyàwó, tí o dá páálí padà láìsí rẹ́kọ́ọ̀dù nínú rẹ̀?

Ọmọ Ọbòkun
Ẹ rán wa sí i. Òṣómàáló ni wá, a ó lóṣòó síwájú ilé ẹ̀ títí á fi rí i.

Ọmọ Yunifásítì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo ra rẹ́kọ́ọ̀dù kan lọ́jà Ifẹ̀, ó wúwo, ó nípọn, 78 ló wà lára rẹ̀, iye ìgbà tó yẹ kó yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju 33 àti 45 lọ. Mo gbé e sí 45, ohùn tó ń jáde ń dẹ́rù bà mí. Ó sì dọ̀tí. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n fi sípíríìtì nù ún.

Abẹ́rẹ́ Títun
MÁ FI SÍPÍRÍÌTÌ KÀN ÁN! Ọ̀pọ̀ 78 kì í ṣe ike bíi ti 45, ṣẹ́láàkì ni, oje líle kan, ọtí líle máa ń yọ́ ọ. Orin á bá ìdọ̀tí lọ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, aṣọ tó rọ̀, má jẹ́ kó kan ìwé àárín, kí o sì tètè nù ún gbẹ. Má tún fi abẹ́rẹ́ LP, rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá oní-33, gbọ́ ọ, ojú ipa 78 fẹ̀ ju ti LP lọ, abẹ́rẹ́ kékeré á wọ ìsàlẹ̀ ipa náà, gbogbo ariwo tó wà níbẹ̀ ni wàá máa gbọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Bó bá sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ó fọ́ nìyẹn.

Bàbá Lágere
Àdí àgbọn la fi ń nu tiwa. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Abẹ́rẹ́ Títun
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, epo ló ń gbá eruku ọyẹ́ jọ sínú ipa yẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá wo Yusufu yín lọ́jọ́ kan.

Bàbá Lágere
O ò ní fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì Sábó
Bàbá ti di onílé ìjọ́sí.

Ọmọ Ọbòkun
Bàbá bàbá mi ní giramafóònù oníyíyí, abẹ́rẹ́ irin. Ọ̀dọ́ kan nínú ẹbí gbé LP lé e lọ́dún Àjíǹde. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí LP náà.

Abẹ́rẹ́ Títun
Ó gé e ni. Orí náà wúwo, irin sì ni. Kò sí bí kò ṣe ní gé e.

Àpọ́nbéporẹ́
Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Ó ti rí ẹnìkan ní Ìbọ̀kun tó mọ Lágbájá. Wọ́n ní ó ṣì wà láyé. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbọ́.

Ìyá Ìbejì Sábó
Lọ síbo? Padà wá síbí! Ṣé ó bímọ?

Ọmọ Ọbòkun
Àpọ́nbéporẹ́!

Àpàlà Ò Kú
Ó ti lọ. Ìjẹ̀ṣà burú.

Ọmọ Yunifásítì
Ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ wo? Ṣé ọṣẹ dúdú dáa?