Nígbà tí adùn ìgbéyàwó dínkù, kí ló dá yín dúró?

Ìyá Aládìrẹ, Ìbàdàn:
Ẹ kú ìjókòó o. Àkọ́bí èmi àti bàbá wọn ti wọ yunifásítì báyìí. Àsìkò kan wà tí n kì í fẹ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Owó oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀, àdìrẹ tí mò ń tà la fi ń gbọ́ bùkátà. "Ẹ káàbọ̀ sà." "O ṣé." Ó parí títí di àárọ̀.

Mi ò kẹ́rù. Ìyá mi ní nítorí ọmọ ni. Ìgbà tí mo padà sílé ìwé ni wọ́n kọ́ wa ní iṣẹ́ Caryl Rusbult, obìnrin ará Amẹ́ríkà, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1980. Ó ní adùn nìkan kọ́ ló ń dá èèyàn dúró. A tún ń wo ohun tí a ti kó lé e lórí tí kò ní ṣeé kó jáde, a sì ń wò ó bóyá ibòmíràn sàn jù. Ẹ̀rín pa mí ní kíláàsì. Ilẹ̀ tí a jọ rà ní Akóbọ̀ ńkọ́? Àbúrò ọkọ mi tí mo tọ́ dàgbà ńkọ́? Ta ni n óò tún máa ṣàlàyé ìyá mi fún láti ìbẹ̀rẹ̀? (Ẹni tó bá mọ ìyá mi á mọ ohun tí mò ń sọ.)

Adùn náà padà ṣá, kì í sì í ṣe ìmọ̀ràn àgbà ló gbé e dé. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, a gbé mọ́tò kalẹ̀, a jọ ń wọ Micra lọ sọ́jà. Wọ́n á gbé ẹrù mi lé itan, a ó máa sọ ọ̀rọ̀ àwọn èrò ọkọ̀ ní wúyẹ́wúyẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ọkùnrin yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ ṣé, mà. Ní tiwa, físà ni. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, abẹ́ físà rẹ̀ ni mo wà. Òun ń ṣiṣẹ́ alẹ́, èmi ń ṣe tọ̀sán, ẹnu ilẹ̀kùn la ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wa. Odidi ọdún márùn-ún la fi dúró kí ìwé ìgbélùú tó ṣeé béèrè, mi ò sì lè sọ̀yà pé ìfẹ́ ni mo fi jókòó. Òun náà mọ̀. Ọjọ́ tí èsì wọlé, ó ka tèmi lórí fóònù tán, ó ní, "Ẹ lè máa lọ wàyí o." Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi ná. Láti ọjọ́ náà, tá a bá ti jà, ohun tó máa ń bi mí ni pé ṣé ìkọ́kọrẹ́ ò tíì tán nínú ìkòkò.