Odù kan náà jáde fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi: ṣé àmì ni àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́?

Àṣàkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀, ẹ gbà mí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní òpònú lójú gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, kò sì sẹ́ni tó gbèjà mi, títí kan àbúrò mi tí mo sanwó ilé-ìwé rẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo lọ ṣèbéèrè lọ́dọ̀ babaláwo n'Íbàdàn lórí ilé Bàbá wa tí wọ́n fẹ́ tà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣèbéèrè tirẹ̀ l'Óṣogbo, lọ́dọ̀ babaláwo mìíràn pátápátá. Odù Ifá kan náà, ìyẹn àmì tí babaláwo ń tẹ̀, ló jáde! Mo ní Bàbá ló ń bá wa sọ̀rọ̀, kí a má ta ilé. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, pé bí mo bá rí ewúrẹ́ dúdú méjì, màá ní wọ́n ń ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó jẹ́ pé àwa la ra aṣọ ìgbéyàwó fún un! Ta ló jàre?

Akọ̀wé Oníṣirò: Ẹni mélòó nínú ẹbí yín ló ń kó Odù tirẹ̀ wá sórí WhatsApp yẹn? Odù 256 ló wà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré, ìgbà kan nínú 256 ni tiyín máa bára mu. Àmọ́ bí Odù tí ẹ kó jọ bá pé 20, ó ti ju ìdajì lọ pé ẹ máa rí méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ti ọjọ́ ìbí náà ni: èèyàn 23 ti tó kó ju ìdajì lọ pé méjì nínú wọn á ní ọjọ́ ìbí kan náà.

Màmá Ṣeun: Ẹ gbàdúrà. Ẹ yé kó ọ̀rọ̀ ẹbí síta.

Ọmọ Awo: Akọ̀wé, ìṣirò yẹn bá ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí babaláwo fi ń dífá, mu, torí awẹ́ 8 ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ṣí tàbí kó dojú délẹ̀. Ti ikin, èkùrọ́ Ifá, yàtọ̀. Ikin 16 ni babaláwo ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá kúrò ní tòsì. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, á tẹ ìlà méjì sórí ìyẹ̀rosùn, ìyẹ̀ tí wọ́n dà sójú ọpọ́n. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, á tẹ ìlà kan. Bí kò bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, á tún un gbá, títí á fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ta ló sọ pé ọ̀kan àti méjì ń ṣẹ́ kù ní dọ́gbadọ́gba? Àṣàkẹ́, ire ni ìbò, ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá Odù fọ ire tàbí ibi, mú àbí ibi? Odù kan náà lè fọ ire fún yín kó fọ ibi fún ẹ̀gbọ́n yín. Ẹsẹ Ifá wo ni wọ́n sì kì?

Àṣàkẹ́: Ikin ni, lórí ọpọ́n. Akọ̀wé, ohùn ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ̀ ń fọ̀. Odù mẹ́fà péré la ti gbé síbẹ̀. Ti ìbò, mi ò fọkàn sí i, inú ló ń bí mi.

Akọ̀wé Oníṣirò: Nínú mẹ́fà, ọ̀nà 15 lèèyàn lè gbà mú méjì pọ̀. Ìyẹn súnmọ́ ìgbà 6 nínú 100. Ó kéré, àmọ́ kì í ṣe ìyanu. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, lọ́tìrì Bulgaria mú 4, 15, 23, 24, 35 àti 42. Ní ọjọ́ 10, àwọn náà ló tún jáde. Wọ́n ṣèwádìí, wọn ò rí ẹ̀tàn. Àìmọye lọ́tìrì tí kò bára mu, ta ló ń ròyìn wọn?

Ọmọ Awo: Ẹ gbé Bulgaria kúrò ńbẹ̀ jàre. Lọ́tìrì kì í kì ẹsẹ.

Àbẹ̀ní: Gbogbo yín ń jà, ẹ ò tíì béèrè orúkọ Odù ọ̀hún.

Àṣàkẹ́: Wọ́n sọ ọ́ wéré, mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Fọ́tò ni mo fi wé fọ́tò. Lápá ọ̀tún àti òsì, láti òkè wá sílẹ̀: méjì, méjì, kan, kan. Ti ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn. Fọ́tò kì í parọ́.

Ọmọ Awo: Háà! Níbo lẹ wà tí ẹ fi yà á? Ẹ wo ojú Èṣù tí wọ́n gbẹ́ sétí ọpọ́n. Ó máa ń kọjú sí babaláwo láti òdìkejì. Ibẹ̀ ni orí ọpọ́n. Bó bá wà nísàlẹ̀ nínú fọ́tò, ẹ ti dorí Odù kodò.

Àṣàkẹ́: Èmi jókòó, mo kọjú sí babaláwo. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀yìn babaláwo lòun dúró sí. Ẹ jẹ́ n wò ó.

Àṣàkẹ́: Ojú yẹn wà nísàlẹ̀ nínú tèmi. Ó wà lókè nínú tirẹ̀.

Ọmọ Awo: Kan, kan, méjì, méjì ni tiyín nígbà náà. Ìrosùn Méjì nìyẹn. Ti ẹ̀gbọ́n yín, Ọ̀wọ́nrín Méjì. Odù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ pe àwọn babaláwo méjèèjì, ẹ bi wọ́n bóyá ire ni àbí ibi, ẹ kọ ẹsẹ àti ẹbọ sílẹ̀ kí ẹ tó tún bá ẹbí sọ ohunkóhun.

Màmá Ṣeun: Mo sọ pé kí ẹ gbàdúrà.

Àṣàkẹ́: Àná la dá àsansílẹ̀ padà fún ẹni tó fẹ́ ra ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lórí WhatsApp bó bá ti lo ọjọ́ mẹ́rin?