Holmes dojú kọ Hitler: níbo lẹ ti kọ́kọ́ wò ó?

Alágbàá Sinimá
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo tún wo Sherlock Holmes and the Secret Weapon, èyí tí Universal ṣe ní 1942. Basil Rathbone ni Holmes ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, Nigel Bruce ni Watson ọ̀rẹ́ rẹ̀. Fún ẹni tó bá ti pẹ́ tó wò ó: Dókítà Tobel, ará Switzerland, ló ṣe ẹ̀rọ tí ọkọ̀ òfúrufú ajubọ́ǹbù fi ń fojú sun ibi tó máa jù ú sí. Àwọn Gestapo, ọlọ́pàá abẹ́nú Hitler, ń ṣọ́ ọ. Holmes múra bíi bàbá arúgbó tó ń tàwé, ó sì yọ ọ́ lọ sí London. Tobel wá pín ẹ̀rọ náà sí mẹ́rin, ó fún èèyàn mẹ́rin, ó sì fi àwòrán àwọn ọmọ èèyàn tó ń jó kọ orúkọ wọn pa mọ́. Moriarty, olórí ọ̀tá Holmes, ti ta ara rẹ̀ fún Jámánì, òun náà ń wá a kiri.

Ibi tí Holmes ti mú abala ìwé tó wà lábẹ́ èyí tí Tobel kọ nǹkan sí, tó ń wá ojú ibi tí kálámù ti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo fíìmù Holmes. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín. Ibo lẹ ti wò ó, kí ló ṣẹlẹ̀?

Àdùkẹ́ Houston
Orí YouTube ni. Oorun gbé mi lọ kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí London.

Jagunlabí
Àdùkẹ́! Fíìmù tí kò ju ìṣẹ́jú 68 lọ?

Ìyá Ìbejì Peckham
Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, iṣẹ́ alẹ́. Màmá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé, ó ń fojú sọ ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, tẹlifíṣọ̀n gbé fíìmù yìí sáfẹ́fẹ́, mo sì jókòó tì í. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń jà, tí wọ́n ń sá, kò mira. Ìgbà tó wá ku díẹ̀ kó parí, tí ọkọ̀ òfúrufú ń kọjá lójú ọ̀run, Holmes fẹ́ ka ọ̀rọ̀ Shakespeare yẹn nípa ilẹ̀ England. Kó tó lanu, màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó kà á tán pátápátá, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó wá kọjú sí mi, ó ní nígbà tí Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí London, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni ìyá òun máa ń kó àwọn lọ sùn, bàbá kan sì wà níbẹ̀ tó máa ń ka ewì fáwọn ọmọdé kí wọ́n má baà gbọ́ ariwo òkè.

Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá ní àwàdà lásán ni àwọn fíìmù wọ̀nyẹn, mi ò ní gbà fún un.

Ọmọ Bọ́mà
Màmá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ti rán mi létí bàbá mi. Ọmọ ogun ni wọ́n, wọ́n lọ Bọ́mà pẹ̀lú 81st Division, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn á mọ̀ pé ní àfonífojì Kaladan ní 1944, ọkọ̀ òfúrufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, torí kò sọ́nà tí ọkọ̀ ilẹ̀ lè gbà. Èmi àti wọn la jọ wo fíìmù yìí. Ibi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ Tobel wò, tí bọ́ǹbù ń balẹ̀ síbi tí wọ́n fojú sun gẹ́lẹ́, bàbá mi pariwo: "Irọ́!" Wọ́n ní àpò ìrẹsì lásán, tí wọ́n ń jù sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí kò sẹ́ni tó ń yìnbọn fún awakọ̀, òdì kejì odò ló ń bọ́ sí, ibi tí àwọn Jàpáànù wà. Wọ́n ní kí n pa á. Mi ò pa á. Wọ́n wò ó dópin.

Jagunlabí
Òótọ́ ni bàbá sọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, Norden lorúkọ rẹ̀, ti Amẹ́ríkà. Carl Norden tó ṣe é, ọmọ Holland ni, Zurich ní Switzerland ló sì ti kàwé, ẹ ò rí i pé òun àti Tobel fara jọra. Wọ́n pa á mọ́ bí ẹyin ojú, wọ́n ní ó péye dé góńgó. Nígbà tó dójú ogun, tí ìkùukùu bo ilẹ̀, tí ìbọn ń dún láti ìsàlẹ̀, bọ́ǹbù ń bọ́ síbi tó bá wù ú. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé nígbà tí Holmes ń sáré kiri kí ẹ̀rọ Tobel má baà bọ́ sọ́wọ́ Jámánì, Norden ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tipẹ́! Hermann Lang, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Norden ní New York, ti fún wọn ní àwòrán rẹ̀ ní 1938. Ó wà lára àwọn amí 33 tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà dá lẹ́bi.

Ẹlẹ́nà
Èmi ò ní ìtàn ogun. Ìtàn àwọn tó ń jó ni mo ní.

Mo ti ka ìtàn yẹn nínú ìwé Conan Doyle, ẹni tó kọ ìtàn Holmes, kí n tó wo fíìmù kankan. Ilé ìwé àwọn obìnrin ni mo lọ, a sì ń sùn síbẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó, a ya ọmọ èèyàn kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: eléyìí na ọwọ́ méjèèjì sókè, ìyẹn fi ẹsẹ̀ kan dúró, ọ̀kan forí kọ́lẹ̀. Èyí tó bá parí ọ̀rọ̀, a fún un ní àsíá, bí Conan Doyle ṣe ṣe é gan-an. Àmọ́ Yorùbá la fẹ́ kọ, kò sì sí ẹni tó ń jó fún ẹ, ọ àti ṣ. Ọ̀rẹ́ mi ló ní ká fi àmì kékeré kan sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó. Bó ṣe rí nìyẹn! Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì: ta ló jí gààrí, síníọ̀ wo ló ń bínú.

Mátíróònù rí ọ̀kan he. Ó ní oògùn wo la ń ṣe. Ó gbé e fún tíṣà tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn sì ti ka ìtàn náà. Ló bá fẹ́ tú u bíi Holmes: èyí tó bá pọ̀ jù, E nìyẹn. Ó tú u títí, kò rí ọ̀rọ̀ kankan. Torí ó gbà pé Gẹ̀ẹ́sì la kọ.

Kò-gbà-gbọ́
Ẹ jọ̀ọ́, n ò gba èyí. Tíṣà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni yín, kò wá rò ó pé Yorùbá lẹ máa kọ?

Ẹlẹ́nà
Ẹ̀gbọ́n, èèwọ̀ ni Yorùbá nílé ìwé wa. Ẹni tó bá sọ ọ́, á sanwó ìtanràn tàbí kó ro oko. Kò wá sí i lọ́kàn pé ẹnì kan lè jókòó kó máa KỌ ọ́.

Àdùkẹ́ Houston
Háà! Tiwa, pátákó ni wọ́n ń fi kọ́ni lọ́rùn.

Ọmọ Bọ́mà
Tiwa, sísì kan lórí gbólóhùn kan. Àbúrò mi sanwó títí ó fi dákẹ́ pátápátá.

Ìyá Ìbejì Peckham
Àwọn ìbejì mi tí wọ́n bí síbí, owó ni èmi ń san fún olùkọ́ wọn ní ọjọ́ Sátidé kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

Tíṣà Ìṣirò
Ẹ jẹ́ n dá sí ti Ẹlẹ́nà. Holmes gbára lé E torí òun ló pọ̀ jù nínú Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni tíṣà yẹn, àsíá ni mo máa kọ́kọ́ wò. Kò sí ọ̀rọ̀ wa tó ń parí láìjẹ́ fáwẹ́lì, àfi àwọn tí n wà lẹ́yìn fáwẹ́lì aránmúpè. Gbogbo ẹni tó gbé àsíá, fáwẹ́lì tàbí n ni. Ọ̀sán kan, mo ti tú u. Àsíá yín ló máa tú yín fó.

Ẹlẹ́nà
Olúwa ṣeun tí ẹ kò sí nílé ìwé wa, sà.

Ọmọ Awo
Àrokò ni gbogbo èyí. Àwọn baba wa ti ń so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ kí Conan Doyle tó dáyé. Kí ni Holmes fẹ́ kọ́ wa?

Tíṣà Ìṣirò
Àrokò ò jọ èyí, Ọmọ Awo. Àgbàlagbà ìlú gbogbo ló lè ka owó ẹyọ mẹ́fà. Ti Tobel, ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan. Ó tiẹ̀ tún yí ìlà kẹrin padà, kí ẹni tó bá tú mẹ́ta àkọ́kọ́ lè há síbẹ̀. Ìyẹn ló gba orúkọ kẹrin là. Àwọn mẹ́ta tó kù, Moriarty ti pa wọ́n.

Ọmọ Awo
Ẹ̀nà ńkọ́? Ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ ò lè gbọ́ ẹ̀nà.

Tíṣà Ìṣirò
Ẹ̀nà, mo gbà.

Kò-gbà-gbọ́
Ohun tó ń bí mi nínú nínú fíìmù yìí ni Watson. Nínú ìwé, dókítà ológun tó gbọgbẹ́ lójú ogun Maiwand ní Afghanistan ni. Wọ́n wá sọ ọ́ di gọ̀ǹgọ̀ǹṣú. Kí sì ni Holmes ń ṣe láyé Hitler? Èèyàn ayé Fìkitóríà ni.

Jagunlabí
Conan Doyle fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e wọ ogun. His Last Bow, 1917: Holmes mú Von Bork, amí Jámánì, ní oṣù kẹjọ 1914. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn tó parí Voice of Terror, fíìmù Holmes tí Universal ṣe ṣáájú èyí, inú ìtàn yẹn ni wọ́n ti mú un. Universal ò da ẹnikẹ́ni.

Alágbàá Sinimá
Ní ti Watson, mo bá ẹ̀gbọ́n Kò-gbà-gbọ́ kẹ́dùn. Àmọ́ ẹ rántí àwọn tó ń ṣeré yẹn. Nigel Bruce gba ọta sẹ́sẹ̀ nínú ogun àgbáyé kìíní. Rathbone gba Military Cross, àmì ẹ̀yẹ akọni, nínú ogun kan náà, àbúrò rẹ̀ sì kú síbẹ̀ ní 1918. Tí Rathbone bá ń sọ̀rọ̀ ogun, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Eré ti tán níbẹ̀.

Kò-gbà-gbọ́
N ò mọ ti àbúrò rẹ̀. Màá tún un wò.

Àdùkẹ́ Houston
Èwo ni kí n wò, aláwọ̀ tàbí dúdú-àti-funfun?

Alágbàá Sinimá
Dúdú-àti-funfun, Àdùkẹ́. Àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún lẹ́yìn ọdún gbọọrọ ti ba òjìji inú rẹ̀ jẹ́. Wá èyí tí UCLA, yunifásítì kan ní California, tún ṣe, ó mọ́ lójú ju àwọn tó wà káàkiri lọ. Tó o bá dé ibi tí Moriarty ti ń fa ẹ̀jẹ̀ Holmes ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, fetí sí i: Holmes ló fúnra rẹ̀ dá irú ikú yẹn lábàá fún un, kí ọlọ́pàá lè ráyè dé.

Ìyá Ìbejì Peckham
Lionel Atwill ṣe Moriarty yẹn dáadáa.

Jagunlabí
Kò tó Henry Daniell ti 1945, màmá. Ẹ má bínú.

Ọmọ Bọ́mà
George Zucco ti 1939 ni o. Ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó bá mi jà.