Màmá, fóònù àti ẹ̀rọ BP: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Màmá, Sùúrùlérè

Ẹ kú ilé o. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ló ra kámẹ́rà ránṣẹ́ pé ká kọ́ ọ sí pálọ̀ Màmá, kí àwọn lè máa rí i bóyá ọmọ tó ń tọ́jú wọn ń fún wọn lóúnjẹ lásìkò. Kò sẹ́ni tó bi Màmá o. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń wo àwọn láti òkè òkun, ìborùn ni wọ́n fi bo nǹkan náà. "Ẹ̀yin tí mo pọ̀n, tí mo wẹ̀, ẹ wá ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ olè?" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bínú pé owó òun ṣòfò. Èmi ò dá Màmá lẹ́bi. Tí kò bá síná, tí ooru mú, pálọ̀ yẹn náà ni wọ́n ti ń tú ìró sílẹ̀. A gbé kámẹ́rà lọ sí géètì. Ìyẹn dùn mọ́ wọn, torí àwọn náà fẹ́ mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀rọ BP, èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ló wá wúlò jù. Láràárọ̀, kí Màmá tó lo oògùn, ọmọ yẹn á wọ̀n ọ́n, á ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí. Kí àwọn ará Kánádà tó jí, ó ti ń dúró dè wọ́n. Nígbà tí nọ́ńbà tòkè ń lé ní 140 lójoojúmọ́, a ò dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Àwọn fọ́tò yẹn la kó lọ, ó sì yí oògùn padà.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta

Iṣẹ́ mi nìyí, ilé dé ilé. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá òkè, tọrùn-ọwọ́ ò ṣeé gbára lé tó o. Ara ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe orí bùbá. Tí apá wọn bá tóbi, ẹ wá èyí tó fẹ̀, torí èyí tó há á gbé òǹkà sókè. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí apá wà ní ọ̀gangan àyà. Kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀! Èyí gan-an ni ìyà iṣẹ́ yìí. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì ni Màmá á rántí ohun tí lánlọ́ọ̀dù ṣe fún wọn. Mo ti kọ́ láti jẹ́ kí wọ́n rojọ́ tán kí n tó wọ̀n ọ́n.

Ará Ìpájà

Bàbá mi ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó, àtọ̀gbẹ ni tiwọn, wọ́n ń gún insulin. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi pè mí lórí fídíò: Bàbá ń làágùn, wọ́n ń sọ kántankàntan. Láti Ìpájà, ìgbà wo ni mo fẹ́ dé ibẹ̀? Fídíò ń já, mo bá pè é lórí ìlà gidi. Ó gún wọn níka, ẹ̀rọ gbé 58 jáde. Ohun tó bá ti wà nísàlẹ̀ 70, ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn. Wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, mo ní kó po ṣúgà ṣíbí tíì 4 mọ́ omi fún wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó tún wò ó, ó ti kọjá 70, Bàbá sì ń bi wọ́n kí ló dé tí gbogbo ilé dúró lé àwọn lórí. Tí ẹni yín bá dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu o. 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, ni kí ẹ pè.

Ìyá Ìbejì, Yábàá

Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ OTP náà o, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Gbájúẹ̀ kan pe ìyá mi, ó ní láti báńkì ni, kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wọlé. Màmá ní kó dúró, àwọn ń wá awò ojú àwọn. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n lọ yí àmàlà. Owó ìpè ọkùnrin náà ló tán.