Mo fẹ́ fa owó ilé yọ láti fi san ẹ̀jẹ́ ìjọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ajílété, Leeds
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí kò bá tíì sùn, ẹ jọ̀wọ́, kó dá mi lóhùn, nítorí pé oorun ti dá lójú mi. Ní ìparí ọdún tó kọjá, mo kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ kí Olúwa bá mi ṣe lọ́dún yìí sínú ìwé kan ṣoṣo: kí n ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, kí n máa gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kí n máa san ìdámẹ́wàá déédéé, kí n kó owó àsansílẹ̀ ilé jọ níhìn-ín, kí n sì parí ilé tí mo ń kọ́ sí ọ̀nà Ìlọrin. Nígbà tí ìjọ wa nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe ìdúpẹ́ ọdún tuntun, mo ń wò ó lórí fóònù, orí mi wú, mo sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé èmi ni n ó ra páànù ìdajì òrùlé ilé ìjọsìn tuntun. Wọ́n ti fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi báyìí, ó lé díẹ̀ ní £3,500, wọ́n sì fẹ́ kan òrùlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Owó kan ṣoṣo tí mo ní ni £5,000 tó wà nínú Lifetime ISA, àkáǹtì ìpamọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi owó kún fún ẹni tó fẹ́ ra ilé àkọ́kọ́. Mo ní kí n fà á yọ, áàpù náà wá sọ fún mi pé £3,750 ni yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́. Níbo ni ìyókù gbà lọ? Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ ni àbí kí n má tẹ̀ ẹ́?

Bọ̀dá Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Manchester
Àbúrò, gbé fóònù náà sílẹ̀ ná. Nínú £5,000 yẹn, £4,000 ni tìrẹ, ìjọba ló fi £1,000 kún un. Bí o bá fà á yọ fún ohun mìíràn yàtọ̀ sí ilé àkọ́kọ́ tí ìwọ yóò rà, tí o kò sì tíì pé ọgọ́ta ọdún, wọn yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo rẹ̀, èyí tí í ṣe £1,250. Kì í ṣe £1,000 tí wọ́n fi kún un nìkan ni wọ́n gbà padà, wọ́n tún bu £250 nínú òógùn rẹ. Èmi ti tẹ irú bọ́tìnì yẹn rí nígbà òkú bàbá mi, nígbà tí àwọn ẹbí ní màlúù kan kò tó. Títí di òní, bí mo bá rí màlúù nínú pápá, ọkàn mi máa ń lọ síbẹ̀.

Àǹtí Òkèlérìn, Calgary
Tiyín tilẹ̀ sàn, áàpù kìlọ̀ fún yín. Ní Kánádà níbí, kò sí ẹni tó máa kìlọ̀ fún ọ bí o bá fa owó yọ nínú TFSA, àkáǹtì ìpamọ́ tiwa, nítorí pé wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Mo fa tèmi yọ láti fi ṣe ọrẹ ìkórè, inú mi dùn, mo sì sáré rọ́pò rẹ̀ kí ọdún náà tó parí, nítorí mo ti kọ ọ́ sínú àfojúsùn mi pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìpamọ́. Àṣé àyè tí mo fà yọ, ìyẹn iye tí ìjọba gbà kí n fi síbẹ̀, kò ní padà sí mi lọ́wọ́ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, àyè mìíràn kò sì ṣẹ́ kù fún mi. Lẹ́tà dé pé mo ti fi owó pamọ́ ju iye tó yẹ lọ, kí n san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí àlékún náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Èèyàn fi owó ara rẹ̀ sínú àpò ara rẹ̀, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e.

Àna yín láti Ọ̀yọ́, London
Ẹ kú ìkọminú o. Ẹ ti sọ̀rọ̀ tó dára, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì fọwọ́ kan ibi tí ọ̀ràn náà wà gan-an. Arábìnrin, o ní o ń kọ́lé sí ọ̀nà Ìlọrin. Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí kò tíì ní ilé rí ni Lifetime ISA wà fún, àti pé kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń bi èèyàn, bí kò ṣe ibikíbi lágbàáyé? Nígbà tí mo fẹ́ ra ilé tèmi, lọ́yà bi mí léèrè báyìí pé ṣé n kò ní ilé kankan níbikíbi. Mo rántí yàrá tí bàbá wa pín fún wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, òógùn sì bò mí nínú òtútù. Àfojúsùn rẹ kẹrin àti ìkarùn-ún ń bá ara wọn jà, kí o tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ rárá.

Ọmọ Ajílété, Leeds
Jésù! Ilé náà kò tíì ní òrùlé o. Líńtẹ́ẹ̀lì ló wà, ewúrẹ́ ló ń gbé inú rẹ̀.

Bọ̀dá Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Manchester
Nígbà náà, kì í ṣe ilé. Ohun tí kò ní òrùlé, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí ewúrẹ́ ń sùn sí, ta ni yóò pè é ní ilé? Má dá ara rẹ lẹ́bi.

Àna yín láti Ọ̀yọ́, London
Bọ̀dá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìwọ kọ́ ni lọ́yà yóò bi. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀ náà?

Ọmọ Ajílété, Leeds
Orúkọ mi ni.

Bọ̀dá Houston
Ohun tó rọrùn ni. Kí ó yí i sí orúkọ màmá rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó sì sọ fún wọn pé òun kò ní nǹkan kan. Gbogbo wa la ṣe é.

Àǹtí Òkèlérìn, Calgary
Ẹ̀yin gbogbo wo? Bọ̀dá, ẹ má fi wá kún un. Ọmọ tó ń sọ pé òun fẹ́ fi ìgbàgbọ́ ṣètò owó ni ẹ ń kọ́ ní irọ́ pípa. Ẹ padà lọ ka ọ̀rọ̀ Ananíà àti Sàfírà. Pétérù kò bá wọn jà nítorí pé wọ́n fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó ilẹ̀ wọn, ó tilẹ̀ sọ fún wọn pé tiwọn ni ilẹ̀ náà, ìkáwọ́ wọn sì ni owó rẹ̀ wà. Irọ́ tí wọ́n fi bò ó ló pa wọ́n.

Bọ̀dá Houston
Mo ti gbọ́ ìwàásù, ẹ ṣeun. Mo kàn sọ ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe ni. Níbí, bí o bá fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì 401(k) kí o tó pé ọdún 59 àti ààbọ̀, wọn yóò gba owó orí lórí rẹ̀, wọn yóò sì tún bu ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Ìdámẹ́wàá ìjọba nìyẹn, wọn kì í sì í ka Málákì kí wọ́n tó gbà á.

Màmá Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àjò o. Ilé ni mo wà, mo sì wà nínú ìjọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ amóhùnbú-gbẹ̀mù sẹ́nu, tí wọ́n sì ní àwọn ọmọ òkè òkun ń wò wá, ẹ̀yin náà a bẹ̀rẹ̀ sí í da iye sílẹ̀ láìbi ara yín léèrè. Ọmọ mi, kò sí ẹni tó ní kí o fi omijé ra páànù. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé kò tíì ra igi tí wọn yóò fi gbé òrùlé náà dúró, kí ẹnikẹ́ni má fi òjò dẹ́rù bà ọ́. Pe alága wọn, sọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o máa san án díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní gbèsè, ọ̀pọ̀ wa níbí ti san irú rẹ̀ fún ọdún méjì, a ṣì ń jókòó síwájú.

Bọ̀dá Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Manchester
Màmá, ẹ ṣeun, àmọ́ Oníwàásù 5:4 sọ pé kí á má ṣe jáfara láti san ẹ̀jẹ́. Ẹni tí kò lè san kò bá má jẹ́ ẹ.

Àna yín láti Ọ̀yọ́, London
Lúùkù 14:28 ló yẹ kó ṣáájú: ta ni nínú yín tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́, tí kò ní kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an? Ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1898, ẹ kò rí ẹni tí yóò ka ẹsẹ kan ṣoṣo yẹn fún ọmọ yín kí ó tó lanu? Ní Ọ̀yọ́, a kì í dáhùn kí a tó ronú.

Bọ̀dá Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Manchester
Mo mọ̀ pé yóò débẹ̀. Ọ̀yọ́ a máa ronú títí wọn yóò fi pín ọrẹ náà tán.

Àna yín láti Ọ̀yọ́, London
Ẹ rántí pé ọdún 1896 ni ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's ti wà ní Ọ̀yọ́, ọdún méjì ṣáájú tiyín.

Bọ̀dá Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Manchester
Ọdún 1855 ni Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, ti ń wàásù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ lọ jókòó.

Màmá Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ná. 2 Kọ́ríńtì 8:12 sọ pé bí ọkàn bá ti wà níbẹ̀, ohun tí ènìyàn ní ni a fi ń gbà á, kì í ṣe ohun tí kò ní.

Ọmọ Ajílété, Leeds
Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rò ó pé n kò ní fọwọ́ kan owó náà. Mo ti béèrè níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n máa fún mi ní àfikún iṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, nítorí pé owó ọjọ́ Àìkú ló pọ̀ jù.

Àǹtí Òkèlérìn, Calgary
Àbúrò mi, gbogbo ọjọ́ Àìkú? Ìyẹn ni pé ìwọ yóò máa pa ìjọsìn jẹ kí o lè fi òrùlé bo àwọn tó ń jọ́sìn. Wo ìwé tí o kọ náà dáadáa: ohun tẹ̀mí mẹ́ta, ohun owó méjì, ṣùgbọ́n o kò kọ wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí. Bíbélì tí o ní o fẹ́ kà tán jẹ́ orí 1,189, èyí tó ju orí mẹ́ta lọ lójúmọ́. Ìgbà wo lo fẹ́ kà á, ṣé nínú bọ́ọ̀sì? Èmi, Léfítíkù ni mo máa ń sùn sí lọ́dọọdún. Ohun tí mo ṣe nígbẹ̀yìn ni pé mo yan ọjọ́ Àìkú méjì lóṣù tí n kò ní ṣiṣẹ́, ohunkóhun tí ì báà máa ṣẹlẹ̀, mo sì jẹ́ kí owó tó kù pinnu iye tí n ó máa fi sílẹ̀. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n n kò tún sá fún pásítọ̀ mọ́.

Bọ̀dá Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Manchester
Mo fara mọ́ èyí. Ohun kan tún kù. Bí ìjọ tí o ń lọ ní Leeds bá ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú, tí o sì ń san owó orí, fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù Gift Aid. Ìjọba yóò fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí o bá fi ṣọrẹ. Èyí tí o bá fi ránṣẹ́ tààrà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí nínú rẹ̀.

Bọ̀dá Houston
Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fẹ́ràn fọ́ọ̀mù. Ẹ kó wá sí Houston, ooru wà níbí bíi ti Tákíè nílé lọ́sàn-án, àwa tilẹ̀ gbin máńgòrò.

Àǹtí Òkèlérìn, Calgary
Máńgòrò Houston tí kò ní òórùn? Ẹ jẹ́ ká sinmi. Màmá, ṣé máńgòrò ti jábọ́ nílé?

Màmá Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́
Ó ti ń jábọ́, àwọn ọmọ ń sọ òkúta sí i ní ẹ̀yìnkùlé mi, mo sì ti pariwo títí ohùn mi fi há.

Ọmọ Ajílété, Leeds
Màmá, ẹ má dárúkọ máńgòrò fún mi lóru yìí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí alága, ṣùgbọ́n kò tíì dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ará, ta ló mọ̀ bóyá ilé tó wà ní líńtẹ́ẹ̀lì jẹ́ ilé lójú ìjọba?

Àna yín láti Ọ̀yọ́, London
Lọ́yà ni kí o bi, kí o sì sọ òtítọ́ fún un, pẹ̀lú ewúrẹ́ náà.

Ọmọ Ajílété, Leeds
N ó bi í lọ́jọ́ Ajé. Ẹ gbà mí lórí èyí náà: ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta láfún tó dára ní Leeds? Èyí tí mo rà gbẹ̀yìn kún fún iyanrìn.

Bọ̀dá Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Manchester
Iyanrìn yẹn ni ẹ̀rí pé orí àpáta ni wọ́n ti sá a. Manchester ni kí o wá rà á, èèyàn wa kan ń kó o wá láti ilé.

Ọmọ Ajílété, Leeds
Owó ọkọ̀ ojú irin ńkọ́, Bọ̀dá? Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé àfojúsùn.