Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n fi yunifásítì sílẹ̀?

Ẹni tó béèrè: Ẹ jọ̀ọ́ alámòójútó, ẹ bo orúkọ mi. Òkè-Fìà ni mò ń gbé, ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Bí ìjọba ṣe ń náwó lórí ìlera ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ò yé fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní kí n kúkú lọ ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n gba ọ́fíìsì mi fún ẹni tó dé lẹ́yìn mi. Fáànù ibi tí wọ́n kó mi sí ò yí! Ìgbéga ò jáde. Àjọ kan l'Abuja ní kí n wá, owó wọn ju ìlọ́po mẹ́ta tibí. Ṣé kí n lọ?

Ìyá Ìbejì: Kí lẹ tún ń rò? Nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fóṣù mẹ́jọ ní 2022, àkàrà lọkọ mi bá mi dín n'Ígbọ̀nà. Olùkọ́ yunifásítì o! Àwọn oníbàárà á ní, "Dókítà, ẹ fi ata sí i."

Bàbá Ṣadé: Ìwádìí yín ọ̀hún, kí ló ṣe fún wa? Àpò ara wa la ṣì fi ń sanwó ọsibítù.

Ẹni tó béèrè: Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn, bàbá. Ní 2001 làwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí l'Abuja pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná á máa lọ sórí ìlera. Òfin ìlera 2014 tún ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Ẹni tó máa tọpa owó náà ló ṣọ̀wọ́n.

Ọmọ Ọ̀ṣun: Ṣé ẹ ti gba PhD? Ta ló sanwó ẹ̀?

Ẹni tó béèrè: Wọ́n tún gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bi yín.

Ẹni tó béèrè: Òkèèrè ni mo ti ṣe é. TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ló sanwó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún tó kọjá ni.

Ọmọ Ọ̀ṣun: Háà! Ẹ sì tọwọ́ bọ̀wé pé ẹ máa padà wá sìn?

Ẹni tó béèrè: Gbogbo wa la tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹnìkan tá a jọ lọ ò tiẹ̀ padà wálé, wọn ò mú un.

Bàbá Ṣadé: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọpa owó ìjọba!

Ìyá Ìbejì: Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o.

Ọmọ Ọ̀ṣun: Ẹ lọ bi ọ́fíìsì rẹ́jísírà léèrè iye ọdún tó kù tẹ́ ẹ máa fi sìn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda yín fún àjọ yẹn fúngbà díẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ọ̀gá ẹ̀ka wa yìí náà ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.